Ẹyin Méjì Tó Wọ Inú Àkàrà

Ní Edúnàbọ̀n tí wọ́n bí mi sí, ọmọdé kì í jẹ ẹyin. Àwọn àgbà ní ọmọ tó bá ti kékeré mọ adùn ẹyin, olè ni yóò dà. Adìẹ ìyá mi a máa yé sí ẹ̀yìn ààrò àti sábẹ́ àká, àwa ọmọ la sì ń ṣa ẹyin náà jọ, ṣùgbọ́n bàbá wa nìkan ló ń jẹ ẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù, ìyá mi á sè é, á gbé e lọ sí etí títì Ìbàdàn, á máa tà á fún àwọn awakọ̀. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wọlé ọkọ kí n tó mọ bí ẹyin ṣe rí lẹ́nu. Ẹ wá wo bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe nǹkan rẹ̀: ìdí ẹyin yìí kan náà ni mo ti jẹun fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Òun ló rán àwọn ọmọ mi lọ sílé ẹ̀kọ́. Òun náà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di apànìyàn.

Wúràọlá ni orúkọ mi. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Àwọn ọmọ tó yá yàrá nítòsí ilé mi ní Ilé-Ifẹ̀ a máa yà sọ́dọ̀ mi. Àwọn kan fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ kúùkù ṣeé fẹ̀yìn tì. Àwọn mìíràn, ẹyin lásán ni wọn ò mọ̀ ọ́n dín. Láìpẹ́ yìí ni ọmọkùnrin gìrìwò kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gboyè jáde wá bi mí pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé omi ni wọ́n fi ń dín ẹyin àbí òróró?" Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn ló jẹ́ kí n mú bírò. Ohun tí mo mọ̀ ni mo fẹ́ sọ fún yín, tòun tohun tí ojú mi rí.

Bí mo ṣe débi iṣẹ́ náà kò gùn. Àbúrò ìyá mi ń fọ aṣọ ní ilé àlejò kan níbí, níbi tí àwọn tó bá wá sí yunifásítì máa ń sùn sí. Ó ní wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa ran kúùkù lọ́wọ́. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó oṣù rẹ̀ kò pọ̀, ebi kò sì pa mí kú. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹni tí mo bá nínú kíṣìnnì ni kókó ọ̀rọ̀ mi.

Bàbá Làmídì ni wọ́n ń pè é, Làmídì lorúkọ òun fúnra rẹ̀. Ọmọ Ìwó ni, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í jẹ́ kí ìrun kan kọjá òun, kì í sì í rẹ́rìn-ín bí iná bá ti wà lábẹ́ ìkòkò. Kì í na ènìyàn. Ojú ló fi ń na ni. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé, mo kúnlẹ̀ kí i, ó ní kí n dìde, kí n lọ fọwọ́. Mo fọ̀ ọ́. Ó ní kí n padà lọ tún un fọ̀. Lẹ́yìn náà ló gbé abọ́ ẹyin kan síwájú mi.

"Fọ́ ọ."

Háà! Mo gbá ẹyin mọ́ etí abọ́, èèpo rẹ̀ rún wọ inú rẹ̀, omi rẹ̀ ṣàn dé ìgbúnwọ́ mi. Èkejì burú ju àkọ́kọ́ lọ.

Bàbá ní, "Ìwọ àti ẹyin ń jà ni? Orí tábìlì ni wọ́n ti ń gbá a, kì í ṣe etí abọ́. Gbá a lẹ́ẹ̀kan péré, kó sán díẹ̀. Kó o wá fi àtàǹpàkò méjèèjì là á bí ìgbà tó o bá ń la obì."

Gbogbo àárọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹyin ni mo ń fọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ló jẹ ẹ́ lọ́sàn-án, wọ́n sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé n kò mọ iṣẹ́.

Ọjọ́ mìíràn wà tí mo ti fọ́ ẹyin kún abọ́ ńlá, tí ó ku ẹyọ kan. Mo fọ́ ọ lé ìyókù lórí. Òórùn tó jáde níbẹ̀, mo rò pé ẹran kan ló kú sábẹ́ tábìlì! Ẹyin náà ti dúdú. Bàbá gbé gbogbo abọ́ náà, ó dà á nù níṣojú mi. Ìyẹn dùn mí ju kó fọ́ mi létí lọ. Láti ọjọ́ yẹn, inú ife kékeré ni mo ti ń kọ́kọ́ fọ́ ẹyin kọ̀ọ̀kan kí n tó dà á mọ́ èyí tó wà nílẹ̀. Bí ẹyin bá sì ti pẹ́ nílé yín, ẹ kó o sínú omi tútù. Èyí tó bá sùn sísàlẹ̀ dára. Èyí tó bá nàró ti ń darúgbó, ẹ tètè sè é. Èyí tó bá léfòó, ẹ má wulẹ̀ fọ́ ọ, ẹ jù ú nù.

Ẹyin sísè ni ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀, nítorí pé gbogbo ènìyàn ló rò pé òun mọ̀ ọ́n. Ẹ má ju ẹyin sínú omi tó ń hó, yóò sán. Inú omi tútù ni kẹ́ ẹ kó o sí, kí àwọn méjèèjì jọ máa gbóná bọ̀. Bí omi bá ti hó, ẹ rẹ iná sílẹ̀. Bàbá a máa ní, "Jẹ́ kí omi máa mí, má jẹ̀ẹ́ kó máa jà." Kì í wo aago. Bí omi bá ti hó, yóò ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í gé búrẹ́dì. Bí mo bá gé ààbọ̀ búrẹ́dì, inú ẹyin náà ṣì rọ̀ bí ògì. Bí mo bá gé odidi rẹ̀ tán láìkánjú, ó ti le. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní fóònù, ẹ lè fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí i, kò ní já yín kulẹ̀. Kíá lẹ ó da omi gbígbóná yẹn nù, ẹ ó da tútù lé e, èèpo yóò sì ṣí bí ẹ̀wù.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹ̀rù bà mí lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn ni ẹyin àwọn àlejò. Àlejò kan ní òun fẹ́ ẹyin díndín. Bàbá ta òróró díẹ̀ sínú páànù, iná rẹ̀ kò ju ti àtùpà lọ, ó rọra tú ẹyin kan sí i, kò lù ú, kò yí i padà, kò fi ata sí i. Nígbà tí funfun rẹ̀ mú tán, inú pupa rẹ̀ ṣì ń dán, ó ń wò mí bí ojú màlúù. Bàbá ní kí n gbé e lọ.

"Bàbá, kò tíì jinná!"

"Ó ti jinná fún ẹni tó ni ín."

Mo gbé e lọ. Ọkùnrin náà ti búrẹ́dì bọ inú rẹ̀, ó gbé e mì, ó sì fẹ̀yìn ti àga bí ẹni tí wọ́n ṣe lóore. Àfi ìgbà tó tún di ọjọ́ kejì tí Bàbá da ẹyin tí kò ní èèpo sínú omi gbígbóná! Mo pariwo, mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú. Ó fi ọtí kíkan díẹ̀ sí omi náà, ó fi ṣíbí rò ó yípo, ó rọra da ẹyin láti inú ife sí àárín rẹ̀. Funfun rẹ̀ wé mọ́ pupa bí ìyá tó fi ọ̀já gbá ọmọ mọ́ra. Ó yọ ọ́ jáde, ó funfun báláú, kò túká. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ o. Ẹ fi sílẹ̀ títí ọwọ́ yín yóò fi balẹ̀.

Tiwa, ẹyin oníata, ni kẹ́ ẹ kọ́. Àṣìṣe tí gbogbo ọmọ ń ṣe ni pé wọ́n ń da ẹyin lu tòmáàtì tó ṣì lómi. Ọbẹ̀ ni yóò dà, kì í ṣe ẹyin díndín. Ẹ rẹ́ àlùbọ́sà àti ata rodo wẹ́wẹ́, ẹ dín in, ẹ da tòmáàtì sí i, ẹ jẹ́ kí omi rẹ̀ gbẹ títí òróró yóò fi yọ jáde ní ẹ̀gbẹ́. Ìgbà náà lẹ ó tó da ẹyin tẹ́ ẹ ti lù sí i. Ẹ má rò ó bí ẹni ń ro ọkà. Ẹ jẹ́ kó dì, ẹ rọra tì í láti etí wá sí àárín, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ nígbà tó ṣì kù díẹ̀ kó gbẹ, nítorí ooru páànù yóò parí ìyókù. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Iná ńlá kì í ṣe ọ̀rẹ́ ẹyin.

Bí mo bá sè é tán báyìí, Bàbá yóò fọwọ́ sẹ́yìn, yóò dúró tì mí.

"Tọ́ ọ wò. Kí lo rí?"

"Ó dùn, Bàbá."

"Oyin dùn. Oorun náà dùn. Mo ní kí lo rí?"

Àfi kí n sọ pé iyọ̀ kò dé ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí pé ata ti gun orí ẹyin, tàbí pé ó rọ̀ bí òwú àmọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ máa korò. Nígbà náà ni yóò mi orí. Òun fúnra rẹ̀ kì í tọ́ ọ wò. Yóò fojú wò ó, yóò gbóòórùn rẹ̀, yóò tẹ́tí sí i nínú páànù, yóò sì mọ̀. Mo rò pé bí ọ̀gá ṣe ń kọ́ ọmọ iṣẹ́ nìyẹn.

Ó tún ní òfin kan. Ṣíbí ẹyin, fọ́ọ̀kù ẹyin àti páànù ẹyin, lọ́tọ̀ ni wọ́n ń gbé, lórí ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Wọn kò gbọdọ̀ fi ro nǹkan mìíràn láyé. Bí ọwọ́ ẹnikẹ́ni bá kan ẹyin, yóò fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ dé ìgbúnwọ́ kó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ọkùnrin kan fi fọ́ọ̀kù ẹyin ro ọbẹ̀ òṣìṣẹ́. Bàbá da odidi ìkòkò ọbẹ̀ náà nù, ó sì ní kí máníjà gbé ọkùnrin náà lọ síbi iṣẹ́ mìíràn. A ní ìmọ́tótó rẹ̀ ti di àṣejù. A ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ọdún ń lọ, ohun èlò ń yí padà. Sítóòfù oníkẹrosíìnì ni mo bá níbẹ̀, tí èéfín rẹ̀ ń kun imú wa dúdú, tí a sì ń gé òwú rẹ̀ lójoojúmọ́. Nígbà tí wọ́n gbé gáàsì dé, tí wọ́n ṣáná sí i, tó ní "fùú!", mo ti wà lẹ́nu géètì kí ẹnikẹ́ni tó pè mí. Páànù tí ẹyin kì í lẹ̀ mọ́ náà dé. Bàbá kò gbà á gbọ́ fún oṣù mélòó kan. Ẹ̀rọ ìlọta oníná tẹ̀ lé e, a sì bọ́ lọ́wọ́ gbígbé ẹ̀wà lọ sí ilé ọlọ́lọ.

Fúnkẹ́ ló mọ ẹ̀rọ yẹn lò jù. Ọmọ Ìlárè ni, níbí ní Ilé-Ifẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ iṣẹ́ oúnjẹ jáde ni wọ́n gbà á kún wa. Ọmọ náà dára. Ó yára, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì ní ọgbọ́n tuntun lójoojúmọ́. Èmi ló ń pè ní Àǹtí. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀, ó kàn ń fi pamọ́ ni.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan ni. Àkàrà àti ògì la fẹ́ fún àwọn àlejò. Àkàrà yìí ni oúnjẹ kan ṣoṣo tí Bàbá máa ń jẹ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀wà, ata, àlùbọ́sà, iyọ̀, kò sí àdììtú nínú rẹ̀. Fúnkẹ́ lọ ẹ̀wà, èmi dín in. Mo bu díẹ̀ sínú àwo, mo kúnlẹ̀ gbé e fún Bàbá bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó jẹ ọ̀kan tán, ó ti bẹ̀rẹ̀ èkejì.

Mo rí i tó gbé èyí tó kù sílẹ̀. Ó ń họ ọrùn. Mo rò pé ata ló ta á. Ó fẹ́ pè mí, ohùn kò jáde, èémí rẹ̀ ń dún bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ ń gba inú ihò kékeré. Nígbà tó yíjú sí mi, ètè rẹ̀ ti wú, ìpéǹpéjú rẹ̀ ti wú, mo wo ojú ọ̀gá mi, n kò dá a mọ̀. Ó fi ọwọ́ di tábìlì mú, tábìlì àti òun jọ ṣubú lulẹ̀.

Ariwo ta. Àwọn òṣìṣẹ́ ya wọlé. Ẹnìkan kígbe pé, "Kí lẹ fún un jẹ?" Ojú gbogbo wọn wá sọ́dọ̀ mi. Fúnkẹ́ dì mọ́ ògiri.

"Àǹtí, ẹyin méjì péré ni mo fi sí i. Kó lè wú ni. Wọ́n kọ́ wa bẹ́ẹ̀."

Mo gbọ́ ọ, kò yé mi. Ta ló ń sọ ti ẹyin nígbà tí ènìyàn ń kú lọ? Awakọ̀ ilé àlejò náà ti gbé Bàbá sẹ́yìn ọkọ̀, mo bọ́ sínú rẹ̀, mo gbé orí rẹ̀ lé itan. Mo ń pe orúkọ rẹ̀ títí a fi dé ilé ìwòsàn. Kò dá mi lóhùn.

Dókítà tó jáde sí wa, obìnrin kékeré ni. Ó ní, "Màmá, kí ni bàbá jẹ?" Mo ní àkàrà. Ó ní kí ló wà nínú àkàrà náà. Mo ka ẹ̀wà, mo ka ata, mo ka iyọ̀, ọ̀rọ̀ Fúnkẹ́ wá sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní, "Ẹyin. Wọ́n ní ẹyin wà níbẹ̀." Kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó sáré wọlé, mo sì gbọ́ tó ń pariwo pé kí wọ́n mú abẹ́rẹ́ wá.

Nígbà tí ọjọ́ kanrí, ó jáde, ó ní Bàbá ti ń mí, ṣùgbọ́n kò tíì lajú. Mo ní kí n padà lọ sọ fún àwọn ará ilé àlejò. Ẹ ò ní gba ohun tí mo bá lẹ́nu géètì gbọ́! Ìròyìn ti ṣáájú mi débẹ̀ pé Bàbá kú kí a tó dé ilé ìwòsàn. Mùkáílà, ọmọ rẹ̀ àgbà, ti dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ojú pupa. Ó gbá aṣọ mi mú.

"Kí lo fún bàbá mi jẹ? Àga rẹ̀ lo fẹ́ jókòó lé, àbí?"

"Mùkáílà, bàbá rẹ kò kú! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni!"

Kò sẹ́ni tó gbọ́. Àwọn tí a jọ ń jẹun nínú àwo kan, àwọn ló ń sọ pé àwọn ti fura sí mi tipẹ́, pé ẹni tó ń kúnlẹ̀ báyẹn fún ọ̀gá, ohun kan ló ń wá. Máníjà ní kí àwọn ọlọ́dẹ má jẹ̀ẹ́ kí n jáde. Mo wá Fúnkẹ́ kó wá jẹ́rìí mi. Fúnkẹ́ ti lọ. Bó ṣe gbọ́ pé Bàbá kú, ó gbé báàgì rẹ̀, kò bọ́ épírọ́ọ̀nù ọrùn rẹ̀, ó gba ẹ̀yìn ilé. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọlọ́dẹ. N kò sunkún. Mo kàn ń wò ó pé bí wọ́n ṣe ń di apànìyàn nìyí: o dín àkàrà, o gbé e fún ẹni tó o fẹ́ràn.

Mùkáílà lọ sí ilé ìwòsàn, ó padà dé nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi nínú eruku. Bàbá ti lajú. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ ni pé, "Wúrà ńkọ́? Ẹ má fìyà jẹ ẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá ní kí n jókòó tì í. Ojú rẹ̀ ṣì wú díẹ̀. Ó ní, "Wúrà, n kì í jẹ ẹyin."

"Láti ìgbà wo, Bàbá?"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Àbúrò mi jẹ ẹyin lọ́mọdé, kò rí ọjọ́ kejì. Èmi náà fẹnu kàn án, díẹ̀ ló kù kí n bá a lọ. Wọ́n ní èèwọ̀ ilé wa ni."

Orí mi wú. Ẹni tó kọ́ mi ní ẹyin sísè, ẹyin díndín, ẹyin inú omi, ẹni tí àwọn àlejò ń tìtorí ẹyin rẹ̀ padà wá, kò mọ bí ẹyin ṣe rí lẹ́nu! Gbogbo "Kí lo rí?" yẹn, ahọ́n mi ló ń yá lò. Àwọn ṣíbí tó wà lórí ìṣó, ọwọ́ tí a ń fọ̀ dé ìgbúnwọ́, ọbẹ̀ tó dà nù, ẹ̀mí rẹ̀ ló ń ṣọ́, àwa sì ń fi í rẹ́rìn-ín.

"Bàbá, kí ló wá gbé yín dé ìdí ẹyin?"

"Iṣẹ́ tí mo rí nìyẹn. Bí mo bá sọ ọ́, ta ni yóò gbà mí? Nígbà tó yá, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tí èèyàn kò lè jẹ, ó lè mọ̀ ọ́n sè."

Dókítà ní kò sí èèwọ̀ níbẹ̀, kò sí àjẹ́. Ara Bàbá ló kọ ẹyin, bí ara ẹlòmíràn ṣe ń kọ edé. Ṣùgbọ́n máníjà ní kúùkù tí kò lè tọ́ oúnjẹ wò kò ṣeé lò mọ́, ó ní kó máa lọ sinmi. Bàbá kò jà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún wọn pé èmi ni kí wọ́n fi sípò. Mo kọ̀ ọ́, nítorí ohun tí wọ́n ti pè mí lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Bí o bá kọ̀ ọ́, irọ́ wọn ló borí." Mo gbà á, mo sì wà nípò náà títí mo fi fẹ̀yìn tì.

A wá Fúnkẹ́. Mo lọ sí ilé wọn ní Ìlárè lẹ́ẹ̀kan, mo lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ̀ ń sunkún, kò mọ ibi tó wà. Nígbà náà, kì í ṣe gbogbo ọwọ́ ni fóònù wà. Ọdún gorí ọdún. Ìyá náà kú. A dẹ́kun wíwá a.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni mo lọ ra àlùbọ́sà ní Sábó lọ́jọ́ kan. Wọ́n ń sọ àpò kalẹ̀ láti inú ọkọ̀ tó ti òkè Ọya wá. Obìnrin kan tí orí rẹ̀ ti funfun díẹ̀ ló ń bá àwọn tó ń kó ẹrù sọ̀rọ̀, Hausa ló ń sọ, kò sí ohun tó kàn mí. Ó yíjú, ojú wa pàdé. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lójú gbogbo ọjà.

"Àǹtí Wúrà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n mú mi."

N kò mọ ìgbà tí mo jókòó sórí àpò àlùbọ́sà. Fúnkẹ́ ni.

"Kí wọ́n mú ọ fún kí ni?"

"Bàbá tí mo pa."

Ẹ gbọ́ mi o. Láti ọjọ́ tó ti gba ẹ̀yìn ilé àlejò yẹn jáde, ọmọ yìí gbà pé òun pa ènìyàn. Ìlọrin ló sá lọ, ó ń fi orúkọ mìíràn ta àlùbọ́sà. Bó bá tẹ̀ lé ẹrù wá, Sábó ló mọ, kì í wọ ìgboro. Ẹnu ẹni tó ń kọjá lọ ló ti gbọ́ pé ìyá rẹ̀ kú, wọ́n sì sin ín láìsí i níbẹ̀. Kò lọ́kọ. Ó ní òun kò fẹ́ bí ọmọ tí wọn yóò wá pè ní ọmọ apànìyàn.

Mo di orí rẹ̀ mú. "Fúnkẹ́, Bàbá Làmídì kò kú. Ó wà láyé. Ó wà nílé rẹ̀ nínú ìlú yìí báyìí."

Ó wò mí, kò ṣẹ́jú. Ó ní, "Ẹ má fi mí ṣeré, Àǹtí." Ó tún un sọ. Ìgbà tó wá gbà á gbọ́, igbe tó ké, àwọn àgùntàn tí wọ́n so mọ́ ẹ̀gbẹ́ wa dìde dúró.

Okada méjì la gùn. Bàbá wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tẹ̀súbà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Fúnkẹ́ kò lè gun àtẹ̀gùn. Ìsàlẹ̀ ló dojú bolẹ̀ sí. Mo sọ ọ́ sí Bàbá létí pé, "Bàbá, Fúnkẹ́ ló dé. Fúnkẹ́ tó lọ ẹ̀wà."

Tẹ̀súbà náà dúró.

"Níbo ló wà láti ọjọ́ yìí?"

"Ìlọrin, Bàbá," Fúnkẹ́ dáhùn láti ilẹ̀. "Mo rò pé mo pa yín ni."

Bàbá gbé tẹ̀súbà náà lé itan. Ó ní, "Ìyá rẹ wá síbí kó tó kú. Ó wá bẹ̀ mí. Mo ní kí ló ń bẹ̀ mí fún? Kò sẹ́ni tó sọ fún ọmọ náà pé n kì í jẹ ẹyin. Èmi ni mo fi í pamọ́, òun wá fi ayé rẹ̀ san án." Ó na ọwọ́. "Gòkè wá, kí n fọwọ́ kàn ọ́."

Fúnkẹ́ rá gòkè. Bàbá fọwọ́ wá ojú rẹ̀, ó nu omijé rẹ̀ nù, ó sì tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ kí àwọn ará ilé gbọ́.

"Àkàrà ọjọ́ yẹn," ó ní, "Ọlọ́run ló mọ bó ṣe dùn tó. N kò jẹ irú rẹ̀ rí."

Fúnkẹ́ gbé orí sókè, ó wo ojú mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.